Ìgúnpá ẹlẹ́ẹ̀gbẹ́ ìta tó ń dunni: kí ló ṣẹlẹ̀ sí tẹ́ńdọ̀n inú rẹ̀ gan-an?

Aránṣọ_Àrà:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti wọ oṣù keje báyìí tí ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń dùn mí. Ẹ̀gbẹ́ ìta ni, orí kókó eegun tó yọ síta yẹn gan-an. Mi ò ṣubú, nǹkan kan ò sì gbá mi. Aṣọ ni mò ń rán, àlùmọ́gàjí kì í kúrò lọ́wọ́ mi láàárọ̀ lálẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé apá ló kàn ń ro mí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní báyìí, mi ò lè fún aṣọ tí mo fọ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn ń ṣòro láti yí, bí mo bá sì na ọwọ́ gbé kẹ́tù omi, ṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé kí n jù ú sílẹ̀.

Dókítà ní "tennis elbow" ni. Ẹ̀rín pa mí, èmi tí mi ò fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì rí láyé mi! Wọ́n ní kí n lọ ṣe sìkáànì. Èsì tó dé sọ pé tẹ́ńdọ̀n ibẹ̀ (okùn tó so ẹran mọ́ eegun) ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, pé ó dúdú nínú àwòrán, pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sì ti ń hù nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n lo oògùn ìrora, kí n sì sinmi. Mo sinmi odidi oṣù kan. Ọjọ́ kejì tí mo padà sídìí iṣẹ́, ó tún gbéra.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Ṣé ó ti já ni? Ṣé wíwú ni? Kí ló dé tí ìsinmi ò fi wò ó?

Bàbá_Olóòlù:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ìrora tí o ń sọ yẹn bí ẹni mọ owó. Tèmi gbà tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kó tó lọ, ó sì lọ pátápátá. Nítorí náà, fọkàn balẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé á wá ṣàlàyé. Ìbéèrè kan ni tèmi: àlùmọ́gàjí tí o ń lò yẹn, ṣé ó mú?

Kúnlé_Bọ́ọ̀lù:
Wíwú ni, kò lọ́jọ́ kò lóru. Nǹkan tó bá ń dunni tó báyìí, iná ló wà nínú ẹ̀. Yìnyín, oògùn tó ń pa wíwú, ìsinmi, ó parí. Oṣù kan kéré, ẹ sinmi oṣù mẹ́ta.

Fisiò_Délé:
Kúnlé, mo ń bọ̀ wá bá ọ. Aránṣọ, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan ibẹ̀ ná kí n tó pe orúkọ kankan.

Ẹ gbé apá sórí tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú délẹ̀, kí ìgúnpá ká díẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì wá kókó eegun ẹ̀gbẹ́ ìta yẹn. Ìsàlẹ̀ eegun apá òkè ló parí síbẹ̀. Ẹ má mú ìka kúrò o. Ẹ wá gbé ọwọ́ nìkan sókè láti ọrùn ọwọ́, bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, kí apá má kúrò lórí tábìlì. Ohun tó le gbagidi lábẹ́ ìka yín yẹn ni gbogbo ẹjọ́ tí à ń rò.

Kókó eegun náà kò ju orí àtàǹpàkò lọ, síbẹ̀ ẹran apá mẹ́rin ló fi ibẹ̀ ṣe ìdí. Àwọn ló ń gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka sẹ́yìn. Tẹ́ńdọ̀n wọn kò so lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ti dà pọ̀ kí wọ́n tó kan eegun, bí okùn mẹ́rin tí a so mọ́ èèkàn kan ṣoṣo. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń já lé lórí. Extensor carpi radialis brevis ni àwọn dókítà ń pè é, ECRB ni a máa ń gé e kúrú sí. Láti ìgúnpá ló ti ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìn apá lọ, ó lọ so mọ́ ìdí eegun tó gbé ìka àárín ró. Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ na ìka àárín gbọọrọ, kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin má gbà fún un. Bí ìgúnpá bá ta yín, òun àti aládùúgbò rẹ̀ tó ń na ìka ló ń fọhùn.

Kí ló dé tó jẹ́ òun? Ibi tí wọ́n fi í sí ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, longus, tó so mọ́ eegun lókè díẹ̀, tó wá nà bò ó mọ́lẹ̀. Brevis, ìyẹn ECRB wa, wà lábẹ́, ikùn rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí eegun apá ṣe rogodo níbi oríkèé. Bí ẹ bá ń na ìgúnpá tí ẹ ń ká a, abẹ́ tẹ́ńdọ̀n yẹn ló ń ha eegun lọ ha eegun bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dé apá abẹ́ yẹn. Tí ẹ bá wá na ìgúnpá tán, tí àtẹ́lẹwọ́ dojú délẹ̀, tí ẹ tún fi gbé nǹkan, ó ń fà, ó sì ń fún mọ́ eegun lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́tù yín nìyẹn.

Ohun tó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé nǹkan tí wọ́n ń dì mú ló ń dùn wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé iṣan tó ń na ọwọ́ ló bàjẹ́. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ yín sínú pátápátá, kí ẹ wá gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́. Kò lágbára, àbí? Àwọn iṣan tó ń ká ìka máa ń fa ọrùn ọwọ́ mọ́ra pẹ̀lú, a fi kí ẹnì kan dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹni yẹn ni ECRB. Kò sí ìgbà tí ẹ máa fún àlùmọ́gàjí mọ́wọ́ tí òun kò ní ṣiṣẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ rí i kó gbé nǹkan kan sókè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí kò gbá tẹníìsì rí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in: aránṣọ, káfíńtà, alápatà, ẹni tó ń kun ilé, ẹni tó ń fi máòsì kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún 35 sí 54 ló wọ́pọ̀ jù, ọwọ́ tí èèyàn sì ń lò jù ló máa ń mú.

Tíṣà_Àgbà:
Ẹ foríjì mí, iṣẹ́ èdè ni mo fi ń jẹun, mi ò sì lè dákẹ́. Iṣan là ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan là ń pe èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sọ́pọlọ. Iṣan là ń pe ẹran tó ń sún kì. Iṣan náà la tún ń pe okùn tó so ẹran mọ́ eegun. Nígbà tí èèyàn bá wá dé iwájú dókítà tó ní "iṣan ń fà mí", mélòó lẹ fẹ́ kó mú nínú mẹ́rin? Ìyá mi lo ọdún méjì tí gbogbo wa ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ni kò ṣàn dáadáa lápá òun, tí a ń wọ́ ọ, tí a ń fi omi gbígbóná jó o. Ẹ jẹ́ ká gbà láàárín ara wa níbí: tẹ́ńdọ̀n fún okùn, náfù fún ti ìmọ̀lára, iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ti ẹ̀jẹ̀, ẹran apá fún èyí tó ń sún kì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ń fi èdè òyìnbó ba Yorùbá jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Aránṣọ_Àrà:
A gbà, Tíṣà. 😄 Ẹ̀gbọ́n Délé, ẹ ṣé gan-an, mo ti tẹ ibẹ̀, ó sì ta mí dé ọrùn ọwọ́. Mo ti mọ ibi tó wà wàyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni mi ò tíì mọ̀.

Ojú_Láàbù:
Ibi tí mo ti lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ẹran ara pẹlẹbẹ, kí n sì máa wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé ìdí tẹ́ńdọ̀n tó bàjẹ́ kúrò nínú ìgúnpá, ọ̀dọ̀ irú wa ló ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dá Kúnlé lóhùn, torí òun kọ́ ló kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Runge ti kọ̀wé nípa ìrora yìí ní 1873, ọ̀rọ̀ àwọn tí kálàmù ń dá lóró ló sì ń sọ. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n wá so ó mọ́ tẹníìsì orí koríko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn dòní. Orúkọ tí àwọn dókítà fi ń pè é tẹ́lẹ̀ ni epicondylitis. "Itis" tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, wíwú tó ń gbóná ló túmọ̀ sí. Bó bá jẹ́ wíwú bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, torí àwọn ni ọmọ ogun ara. Àmọ́ ní 1979, Nirschl àti Pettrone kọ ohun tí wọ́n rí nínú tẹ́ńdọ̀n àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún: àwọn ọmọ ogun yẹn ò sí níbẹ̀ bí a ṣe retí. Nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó mọ nǹkan mìíràn yẹn, ẹ jẹ́ ká wo tẹ́ńdọ̀n tó dá ṣáṣá. Aránṣọ, òwú lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Tẹ́ńdọ̀n jẹ́ òwú tínínrín tí a kó jọ di òwú tó nípọn díẹ̀, tí a tún kó jọ, tí a tún kó jọ, títí ó fi di okùn. Kọ́lájẹ́nì ni òwú náà. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní irú kìíní, òun ló yi jù. Gbogbo rẹ̀ tò gbọọrọ, ojú kan náà ni wọ́n kọ sí, ibi tí agbára ti ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́jú wọn kò pọ̀, wọ́n tínínrín, wọ́n há sáàárín òwú bí abẹ́rẹ́ tí a gún mọ́ aṣọ. Lójú lásán, ó funfun, ó ń dán.

Èyí tó bàjẹ́ kì í dán. Ó máa ń rí bí eérú, ó rọ̀, ó sì tutù lọ́wọ́ bí aṣọ tí a kò fún gbẹ. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, òwú rẹ̀ ò tò mọ́. Òmíràn já, òmíràn lọ́, òmíràn kọrí síbi tó wù ú. Ara ti gbìyànjú láti rán an. Kọ́lájẹ́nì irú kẹta ló fi rán an, èyí tó tínínrín, tí ara máa ń sáré lò láti fi di ojú ọgbẹ́ pa ná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ sí i, wọ́n ti di rogodo, wọ́n ń ṣe kọ́lájẹ́nì lọ láìmọ ọwọ́ tí wọ́n máa tò ó sí. Àárín òwú sì kún fún nǹkan kan tó ń fa omi mọ́ra bíi fóòmù.

Ẹ wá gbé èsì sìkáànì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. "Ó nípọn": omi tí fóòmù yẹn fà mọ́ra ni. "Ó dúdú": ohùn ni ẹ̀rọ sìkáànì yẹn fi ń yàwòrán, òwú tó bá tò máa ń dá ohùn náà padà dáadáa, ó sì máa ń funfun nínú àwòrán, èyí tó bá dojú rú kì í dá a padà, ó máa ṣókùnkùn. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun": ara ń gbìyànjú láti gbé ohun èlò àtúnṣe wọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ìyẹn ì bá dára, ṣùgbọ́n àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí kì í dá wá. Náfù kéékèèké máa ń tẹ̀ lé wọn wọlé.

Nítorí náà, kò já, Aránṣọ, ó kéré tán èsì yín kò sọ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe ló bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Bíi ká fi òwú tí kò yi rán ṣòkòtò tó ya, ká rán an síbi tí ọwọ́ bá bọ́ sí, kí oníṣòkòtò sì tún wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kúnlé_Bọ́ọ̀lù:
Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí o, àmọ́ bí kò bá sí wíwú, kí ló ń dunni? Òwú tó lọ́ kì í sunkún. Kí ló sì dé tí oògùn tó ń pa wíwú fi máa ń dín in kù?

Ojú_Láàbù:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní 2000, àwọn olùwádìí kan ní Sweden ti ọ̀pá tín-ín-rín bọ inú ECRB àwọn tó ń jẹ̀rora àti ti àwọn tí ara wọn yá. Ohun tó ń fi hàn pé wíwú wà níbẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn aláìsàn ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó pọ̀ ni glutamate, tí náfù máa ń fi ránṣẹ́ ìrora. Àwọn náfù kéékèèké tó bá iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé yẹn náà ní kẹ́míkà tiwọn tó ń ta wọ́n jí. Ìdí nìyẹn tí títẹ̀ lásán fi ń dunni.

Ti oògùn: oògùn náà ń pa ìrora, kò gbọ́dọ̀ rí wíwú kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè mú kí ẹ sùn, kò lè to òwú.

Àmọ́ mi ò ní tàn ọ́. Látìgbà tí wọ́n ti ní irinṣẹ́ tó jinlẹ̀ ju tiwa àtijọ́, wọ́n ti ń rí díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ogun yẹn nínú tẹ́ńdọ̀n tó ń ṣàìsàn, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí iná rárá ti sọ àsọjù, ìwọ tó o ní iná nìkan ni náà sì ti sọ àsọjù. Ọ̀pọ̀ dókítà ti fi "itis" sílẹ̀, tendinopathy ni wọ́n ń kọ báyìí, tó kàn túmọ̀ sí pé tẹ́ńdọ̀n ń ṣàìsàn.

Àdùnní89:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹnì kan tó sáré lọ gba abẹ́rẹ́. Mo gba ti sitẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń pa wíwú. Ọjọ́ kẹrin, bíi pé ẹnì kan paná ni. Mo jó. Mo gbé gbogbo ohun tí mi ò lè gbé látọjọ́ yìí. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, ìrora padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún mi ní èkejì, ìyẹn ò tiẹ̀ tó oṣù méjì. Ẹni tó gún mi ò bá mi sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Kúnlé_Bọ́ọ̀lù:
Àdùnní, mo lọ wá ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn kà torí pé mo fẹ́ já yín nírọ́, èmi gan-an ló wá já nírọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Australia, ó jáde ní 2013, èèyàn 165 ló kópa. Nínú àwọn tó gba sitẹ́rọ́ìdì, ìrora padà bá ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú, 12 péré. Omi lásán lu oògùn! Mo gba kámú lórí ìyẹn. Ti yìnyín, mi ò tíì gbà.

Fisiò_Délé:
😂 Lo yìnyín rẹ, kò pa ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ bèèrè ìdí tí ìsinmi ò fi wò ó, kò sì tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Tẹ́ńdọ̀n kì í mọ ọwọ́ tó yẹ kó to òwú sí àfi kí nǹkan fà á. Fífà ni àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń gbọ́. Bí ẹ bá sinmi pátápátá, ìrora á lọ sílẹ̀ torí kò sẹ́ni tó yọ náfù wọ̀nyẹn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òwú tó dojú rú ṣì dojú rú, ẹran apá sì ti dẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá padà sídìí àlùmọ́gàjí, ẹrù àná ni ẹ gbé lé tẹ́ńdọ̀n tí kò lágbára tó ti àná.

Bí ẹ bá sì lò ó bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ ò ní jẹ́ kó rí àyè rán ara rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ tó le, bíbàjẹ́ kọ́lájẹ́nì máa ń ju ṣíṣe rẹ̀ lọ fún nǹkan bíi wákàtí 24 sí 36. Lẹ́yìn náà ni ti ṣíṣe á wá borí. Ẹ ti rí i pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ líle lé iṣẹ́ líle lójoojúmọ́ kò ní kúrò nínú gbèsè.

Ohun tí mo máa ń bá àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ gbé apá sórí tábìlì, ìgúnpá ká, ọwọ́ kọjá etí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ dojú délẹ̀. Ẹ di ìgò omi kékeré mú, ẹ gbé ọwọ́ títí ó fi tò gbọọrọ pẹ̀lú apá, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má mì í. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 45, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì láàárín wọn. Ó lè dùn yín díẹ̀. Bí ẹ bá ka ìrora láti òdo dé mẹ́wàá, mẹ́ta ò burú, bí ó bá ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́. Bí ó bá ṣì ń ta yín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹrù ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgò náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi kíka ení dé ẹẹ́rin, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ràn án lọ́wọ́ láti gbé e padà sókè. Ẹ máa ṣe é ní ọjọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kan. Ẹ máa fi ẹrù kún un díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni kí ẹ fi sọ́kàn, kì í ṣe méjì.

Bàbá_Olóòlù:
Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe fún mi. Èmi máa ń kánjú, mo fi òkúta ṣe dípò ìgò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì jìyà rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ẹ má bínú sí mi.

Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo wé aṣọ mọ́ ìdí òòlù mi kó lè nípọn díẹ̀, mi ò sì fún un mọ́wọ́ bí ẹni fún olè lọ́rùn mọ́. Ọmọ mi, o ò tíì dáhùn ìbéèrè àlùmọ́gàjí.

Ọlọ́wọ́_Òsì:
Ìbéèrè kékeré: bẹ́líìtì apá tí wọ́n ń tà, ṣé ó wúlò?

Fisiò_Délé:
Fún àwọn kan, nígbà iṣẹ́ nìkan. Ẹ má dì í lé orí kókó eegun. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń wà, bí ìka méjì sí ibẹ̀, lórí ibi tí ẹran apá ti ga, kó lè gba díẹ̀ nínú fífà kó tó dé ìdí. Bí ìka bá ń kú tipiri, ó ti le jù. Kì í wo tẹ́ńdọ̀n sàn.

Ọlọ́wọ́_Òsì:
Ẹ ṣé. Mo bèèrè torí pé bẹ́líìtì ọ̀hún dá kún tèmi ni. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń pè é ní tennis elbow. Àmọ́ ìrora tèmi ò sí lórí kókó eegun, ìsàlẹ̀ ló wà, bí ìka mẹ́ta sí mẹ́rin sí ibẹ̀, nínú ẹran, ó sì máa ń ro mí lóru. Náfù ló há sí abẹ́ ẹran kan níbẹ̀, bẹ́líìtì sì ń tẹ orí náfù náà gan-an. Ẹ fọwọ́ yín wá ibi tó ń dùn yín dáadáa kí ẹ tó gba orúkọ tí wọ́n bá fún yín.

Fisiò_Délé:
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọrùn náà lè rán ìrora wá síbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń kú tipiri, bí ẹ ò bá lè na ìka mọ́, bí oríkèé bá wú tó pupa tó gbóná, tàbí tí ìgúnpá há tí kò nà tán tí kò ká tán, ẹ fi ìgò sílẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Aránṣọ_Àrà:
Mo ti ń kà á lákàtúnkà. Ìbéèrè kan ló kù: tí mo bá ṣe gbogbo èyí, ṣé dúdú inú àwòrán yẹn á lọ?

Ojú_Láàbù:
Ó lè dín kù, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti ya àwòrán ìgúnpá àwọn tí nǹkan kan ò dùn rí, tí wọ́n bá irú dúdú kan náà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òwú tó bàjẹ́ ló ń padà bọ̀ sípò. Èyí tó kù tó dára lẹ máa fún lágbára títí yóò fi tó ẹrù yín gbé. Ẹ má tún san owó sìkáànì torí kí ẹ lè wo dúdú.

Aránṣọ_Àrà: (ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)
Mo padà dé. Ìgò kékeré ti di ìgò ńlá, mo sì ń dì í mú dé ìṣẹ́jú-àáyá 45 láìsí wàhálà. Ọ̀sẹ̀ kẹta le díẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì, torí pé mo gba iṣẹ́ ìyàwó méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìrora sì gòkè dé mẹ́fà. Mo dín ẹrù kù bí ẹ ṣe wí, ó sì lọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú sókè ni mo fi ń gbé nǹkan báyìí, kẹ́tù sì wà nítòsí ara. Mo ti ń fún aṣọ. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kan ṣì wà tó máa ń ta mí, èyí tó le yẹn.

Bàbá, ẹ foríjì mí. Ojú ló ń tì mí ni mi ò fi dáhùn. Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti pọ́n àlùmọ́gàjí yẹn. Mo pọ́n ọn lánàá, ó ń gba aṣọ kọjá bí ẹni ń gba inú omi.

Bàbá_Olóòlù:
Mo mọ̀. Èkejì tó wà nínú dúróà ńkọ́?